Ọmọ Tó Kó Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Sórí Tí Máàkì Rẹ̀ Ń Já Wálẹ̀: Àkọsílẹ̀ Ìṣẹ̀lẹ̀ Kan ní Àkúrẹ́

Ìṣẹ̀lẹ̀ tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ yìí jẹ́ ti ọmọbìnrin kan tó wà ní SS2 ní ilé-ìwé girama ìjọba tí mo ti ń kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì nílùú Àkúrẹ́. Nínú gbogbo ọmọ SS2 ọdún náà, kò sí ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ńláńlá tó o, débi pé “Díkíṣọ́nárì” ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é. Síbẹ̀, láti ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí sórí ni máàkì àròkọ rẹ̀ ti ń já wálẹ̀. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́ nítorí pé ohun tó ṣe ọmọ yìí ń ṣe ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ káàkiri ìpínlẹ̀ Oǹdó, àwọn ọmọ tí òbí wọn ń tiraka sanwó lẹ́sìn, tí àwọn fúnra wọn kì í sùn lóru nítorí ìwé, àmọ́ tí èrè làálàá náà kì í hàn nígbà tí èsì ìdánwò bá jáde.

Ìyá ọmọ náà ló kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ yìí wá síwájú mi. Èlùbọ́ àti ata gbígbẹ ló ń tà ní Ọjà Ọba. Nígbà tí a pín èsì sáà kejì, ó kó ọjà rẹ̀ fún aládùúgbò, ó sì mú ìwé èsì náà lọ́wọ́ wá sí ilé-ìwé. Ó ní, “Ẹ kú iṣẹ́ o, tíṣà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo nǹkan yìí. Gbogbo àdúgbò ló ń sọ pé ọmọ mi ń fọ gírámà, èmi náà sì ń gbọ́ ọ lóru bó ṣe ń kà á sókè. Báwo ló ṣe wá jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì yìí gan-an ló ń já a kulẹ̀?” Ìbéèrè tó yẹ kí olùkọ́ lè dáhùn ni. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fún mi láyè, mo sì ní kí ọmọ náà kó gbogbo ohun tó fi ń kọ́ ọ̀rọ̀ wá lọ́jọ́ kejì.

Ohun tó kó wá ni ìwé fọ́tókọ́pì kan tí wọ́n fi síteépù dè pọ̀, tí wọ́n tà fún un níbi lẹ́sìn ìrọ̀lẹ́. Ìlà méjì ló wà nínú ojú ewé kọ̀ọ̀kan: ọ̀rọ̀ tó le wà lápá òsì, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí wọ́n pè ní ìtumọ̀ rẹ̀ wà lápá ọ̀tún. Láti A ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, ọmọ náà sì ti ń kà á bọ̀ títí dé S. Kò sí gbólóhùn kankan nínú ìwé náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò sí ohun tó sọ fún ènìyàn bóyá ọ̀rọ̀-ìṣe ni ọ̀rọ̀ kan tàbí ọ̀rọ̀-orúkọ, bóyá ènìyàn ni a máa ń lò ó fún tàbí nǹkan, bóyá ọ̀rọ̀ ìyìn ni tàbí ọ̀rọ̀ èébú.

Àròkọ tó kọ ní ìdánwò sáà kejì wà lọ́wọ́ mi, mo sì tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé náà. Lẹ́tà àìgbẹ̀fẹ̀ ni, sí alága ìjọba ìbílẹ̀, lórí títì tó bàjẹ́ ní àdúgbò rẹ̀. Gbólóhùn tó fi bẹ̀rẹ̀ ni “I abhor to inform you that our road is bad.” Ní ìsàlẹ̀ díẹ̀, ó kọ ọ́ pé “whenever ponderous rain falls, motorcycles refuse to commence.” Nígbà tó dé orí ọ̀rọ̀ kọngílá tó ṣe títì náà tí kò pé tó fi hú, ó kọ ọ́ pé “the contractor did an invaluable job.” Mo wá àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí lọ sínú ìwé fọ́tókọ́pì náà, mo sì bá púpọ̀ nínú wọn níbẹ̀ bí mo ṣe retí: ìwé náà sọ pé “abhor” ni “hate”, pé “ponderous” ni “heavy”, pé “commence” ni “start”. Ohun tí ọmọ náà ń ṣe ni pé yóò kọ́kọ́ kọ Gẹ̀ẹ́sì tó mọ̀ dáadáa sínú ọkàn rẹ̀, yóò wá máa yọ ọ̀rọ̀ kéékèèké inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò sì máa fi èyí tó kó sórí rọ́pò wọn. “I hate to inform you” dára. “Heavy rain” dára. “Refuse to start” dára. Ó ní ohun tó dára lọ́wọ́, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ bà á jẹ́, nítorí pé wọ́n ti jẹ́ kó gbà pé ọ̀rọ̀ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ kò lè gba máàkì.

Ti “invaluable” yàtọ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn kò sí nínú ìwé fọ́tókọ́pì rárá, òun fúnra rẹ̀ ló rò ó jáde. Wọ́n ti kọ́ ọ pé “in” níwájú ọ̀rọ̀ ń sọ ọ́ di òdìkejì, bí “correct” ṣe di “incorrect”, ó sì gbà pé “invaluable” ni ohun tí kò níye lórí. Ìtumọ̀ rẹ̀ gan-an ni ohun tó níye lórí débi pé a kò lè fi owó díwọ̀n rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni lẹ́tà tó yẹ kó fi ẹjọ́ kọngílá sun alága ṣe di lẹ́tà tó ń yìn ín.

Mo pè é jókòó lẹ́yìn ìparí iṣẹ́ ọjọ́ náà, ní yàrá lábù tó ṣófo, mo sì bi í pé kí ló dé tó fi kọ “ponderous” síbẹ̀.

“Ìwé náà ní ‘heavy’ ni, mà,” ló fi dá mi lóhùn. “‘Heavy rain’ la sì máa ń kọ tẹ́lẹ̀.”

Mi ò bá a jiyàn, nítorí pé ó ṣe ohun tí ìwé náà ní kó ṣe gẹ́lẹ́. Dípò bẹ́ẹ̀, mo ní kó bá mi ronú nípa òyìnbó kan tó ń kọ́ Yorùbá, tí wọ́n sọ fún un pé “jẹ” ni ohun tí ẹnu ń ṣe sí oúnjẹ, tí ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Kí ni yóò rò lọ́jọ́ tó bá gbọ́ pé ẹnì kan jẹ oyè, pé ẹlòmíràn jẹ gbèsè, pé ẹ̀kẹta jẹ ìyà? Ó rẹ́rìn-ín. Ó dákẹ́ fúngbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ló sọ ọ́ fúnra rẹ̀ pé, “Ti ‘pa’ náà ńkọ́, mà? À ń pa irọ́, à ń pa àlọ́, à ń pa owó.” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo bi í bóyá a lè sọ ní Yorùbá pé òjò wúwo. Ó mi orí, ó ní òjò kì í wúwo, ńṣe ló máa ń pọ̀ tàbí kó le, ẹrù ló ń wúwo. “Ponderous” pẹ̀lú, nínú Gẹ̀ẹ́sì, bá ohun tó tóbi tó sì ń falẹ̀ rìn, irú bí ìrìn erin tàbí ọ̀rọ̀ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ tó ń súni. Láti ìgbà náà ni ọmọ yìí ti yé mi, èmi náà sì ti yé e. Ọgbọ́n èdè ti wà nínú rẹ̀ láti ilé, ẹnikẹ́ni kò kàn tí ì sọ fún un pé ọgbọ́n yẹn kan náà ni Gẹ̀ẹ́sì ń fẹ́.

Ó yẹ kí n sọ bí ìdánwò fúnra rẹ̀ ṣe rí, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ òbí àti akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣìnà. Nínú máàkì 50 tí WAEC ń fún àròkọ, 10 ni ti kókó ọ̀rọ̀, 10 ni ti bí a ṣe tò ó, 20 ni ti ìlò èdè, 10 tó kù sì jẹ́ ti àkọtọ́, àmì àti gírámà. 20 tó jẹ́ ti ìlò èdè yìí ló ń tan àwọn ọmọ jẹ. Wọ́n rò pé iye ọ̀rọ̀ tó le ni wọ́n ń kà, bẹ́ẹ̀ bí ọ̀rọ̀ ṣe bá ohun tí a ń sọ mu àti ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀ mu ni olùyẹ̀wé ń wò. Nínú àyọkà, wọ́n á fa ìlà sábẹ́ àwọn ọ̀rọ̀ kan, wọ́n á ní kí ọmọ wá ọ̀rọ̀ tàbí àpólà mìíràn tó lè dípò ọ̀kọ̀ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe lò ó nínú àyọkà náà. Apá ìparí àṣẹ yìí, “gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe lò ó”, ni ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń fò. Nínú iṣẹ́ kíláàsì kan tí mo fún wọn, dókítà kan jáde láti yàrá aláìsàn, “his face was grave”, ìyẹn ni pé ojú rẹ̀ kún fún àníyàn, ọmọbìnrin yìí sì kọ “burial place” síwájú “grave”. Nínú iṣẹ́ náà kan náà, “abandoned” wà nínú àyọkà, ó sì kọ “desert”. Ọ̀rọ̀ náà wà lórí rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n “deserted” nìkan ló lè wọ ibi tí “abandoned” ti kúrò, kí gbólóhùn náà sì dúró ṣánṣán. Máàkì méjì lọ báyìí, lọ́wọ́ ọmọ tó mọ ọ̀rọ̀ jù lọ ní kíláàsì.

Ìwé tí wọ́n ti kọ lórí ọ̀ràn yìí pọ̀, díẹ̀ ni mo sì mú nínú rẹ̀ tó ṣe mí láǹfààní. Ní 2006, Paul Nation, ọ̀jọ̀gbọ́n èdè ní New Zealand, fi hàn pé ẹni tó bá fẹ́ máa ka ìwé Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ láìsí ìrànlọ́wọ́ nílò ìdílé ọ̀rọ̀ bíi 8,000 sí 9,000. Ìdílé ọ̀rọ̀ kan lè ní ọmọ púpọ̀: “adhere”, “adherence” àti “adherent” jẹ́ ìdílé kan ṣoṣo. Iye yìí ga, kò sì sí lẹ́sìn ìrọ̀lẹ́ tó lè kó o sí ọmọ lórí. Ìwé kíkà nìkan ló lè gbé ènìyàn débẹ̀, díẹ̀díẹ̀, fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àmọ́ ọ̀nà àbùjá kan wà tó bófin mu. Averil Coxhead, tí òun náà wà ní New Zealand, gbé àkójọ kan jáde ní 2000 tó ní ìdílé ọ̀rọ̀ 570 péré, àwọn ọ̀rọ̀ tó máa ń yọjú nínú ìwé ẹ̀kọ́ gíga láìka ẹ̀ka ìmọ̀ sí, tí wọ́n sì kó nǹkan bí ọ̀rọ̀ 1 nínú 10 nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀. “Derive”, “constitute”, “significant”, “inhibit” àti “consist” wà lára wọn. Kò sí èyí tó ń dún bí ìlù nínú wọn, wọn kì í sì í mú kí àwọn ẹgbẹ́ ọmọ pàtẹ́wọ́ fún un. Lójú tèmi, àwọn ni ọ̀rọ̀ gíga tí ọmọ SS2 nílò, pàápàá ọmọ tó wà ní kíláàsì sáyẹ́ǹsì, nítorí pé ojoojúmọ́ ló ń bá wọn pàdé nínú ìwé bayọ́lọ́jì àti kẹ́mísírì láìdúró kí wọn.

Ibẹ̀ náà la ti bẹ̀rẹ̀. Mo ní kó gbé ìwé fọ́tókọ́pì sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ó má sọ ọ́ nù, kí ó sì máa mú ọ̀rọ̀ nínú ìwé tó ń kà fún iṣẹ́ mìíràn. Ọ̀rọ̀ mélòó kan lọ́sẹ̀ ti tó. Fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, yóò da gbólóhùn tó ti rí i kọ sínú nóòtù rẹ̀ bó ṣe wà gan-an, yóò sì fàlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ tó wà lọ́tùn-ún àti lósì rẹ̀, nítorí pé àwọn wọ̀nyẹn ni ẹgbẹ́ tó ń bá a rìn. Bí àpẹẹrẹ, ó bá “adhere” pàdé nínú ìlànà tó wà lára ògiri lábù. Ohun tó kọ́kọ́ kọ sílẹ̀ ni pé “to” ló ń tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ló ṣàkíyèsí pé òfin, ìlànà àti ìlérí ni ènìyàn ń “adhere to”, pé “strictly” sì máa ń dúró níwájú rẹ̀. Ó wá kọ àwọn ìbátan rẹ̀, ó kọ ìtumọ̀ rẹ̀ ní Yorùbá, ó fi gbólóhùn tirẹ̀ kádìí rẹ̀. Gbólóhùn náà ni pé àwọn oníọ̀kadà ní àdúgbò rẹ̀ kì í “strictly adhere to traffic rules”. Kò sí ohun tó ṣe gbólóhùn yẹn.

Ní ti gbòǹgbò ọ̀rọ̀, mi ò ní kó pa á tì nítorí ohun tí “invaluable” ṣe fún un. Gbòǹgbò wúlò gan-an níbi tí ẹ̀rí bá wà, ìwé bayọ́lọ́jì sì kún fún ẹ̀rí. “Phyton” ni àwọn Gíríìkì ayé àtijọ́ ń pe ewéko, “xeros” ni gbígbẹ, “hydor” sì ni omi. Ọmọ tó bá mọ èyí kò ní kó “xerophyte” àti “hydrophyte” sórí mọ́, yóò kàn wò wọ́n ni. A fi òfin kan sí i pé gbòǹgbò lè jẹ́ kí ènìyàn méfò ìtumọ̀, ṣùgbọ́n gbólóhùn tí ọ̀rọ̀ wà nínú rẹ̀ tàbí ìwé atúmọ̀-èdè ló gbọ́dọ̀ jẹ́rìí sí i kó tó wọ inú nóòtù.

Kí ọ̀rọ̀ má baà sá lọ, a fi páálí bàtà kan ṣe àpótí. Hermann Ebbinghaus, ará Jámánì, ti fi ara rẹ̀ dán an wò, ó sì kọ ọ́ ní 1885 pé ohun tí a há sórí tètè ń dànù ní wákàtí àti ọjọ́ àkọ́kọ́, àyàfi bí a bá ń padà sídìí rẹ̀. Ní 1972, Sebastian Leitner sọ ọ̀nà kan tí a fi ń ṣe ìpadàsídìí yìí di mímọ̀. Ọmọ náà gé páálí funfun wẹ́wẹ́, ó pín àpótí rẹ̀ sí yàrá mẹ́ta. Èyí tó wà ní yàrá àkọ́kọ́ ni yóò wò lójoojúmọ́, ti èkejì ní ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́ta, ti ẹ̀kẹta lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Èyí tó bá rántí yóò bọ́ sí yàrá iwájú, èyí tó bá gbàgbé yóò padà sí àkọ́kọ́. A fi ohun kan kún un tó jẹ́ tiwa: ìtumọ̀ kọ́ ni yóò fi hàn pé òun rántí, gbólóhùn ni. Bí kò bá lè sọ gbólóhùn tó mọ́gbọ́n dání, a jẹ́ pé ó ti gbàgbé nìyẹn.

Ẹnì kan nínú àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi bi mí pé báwo ni mo ṣe gbà kí wọ́n kọ Yorùbá sínú nóòtù Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí ìlànà ilé-ìwé fi òfin de sísọ ọ́ nínú kíláàsì. Mo sọ fún un pé ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, tí wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn, títí kan Gẹ̀ẹ́sì gan-an. Mo gbàgbọ́ gidigidi pé ọmọ tí a kò jẹ́ kó fi èdè tó gbọ́ yé ara rẹ̀ yóò máa há ohun tí kò yé e sórí ni, ìwé fọ́tókọ́pì yẹn sì jẹ́ ẹ̀rí.

Ohun tó le jù nínú gbogbo rẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ náà, ipò ọmọ náà láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni. Orúkọ “Díkíṣọ́nárì” dùn mọ́ ọn. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ Gẹ̀ẹ́sì tó rọrùn, àwọn kan ń bi í bóyá ó ti gbàgbé ìwé ni. Ó wá bá mi, ojú rẹ̀ ti rẹ̀wẹ̀sì, ó ní òun fẹ́ padà sí tàtijọ́. Mi ò fipá mú un. Mo ní kó ṣí ìwé fọ́tókọ́pì náà, kí ó fa ìlà yí gbogbo ọ̀rọ̀ tó ti bá pàdé nínú ìwé kan rí, yálà ìwé ẹ̀kọ́, ìwé ìròyìn tàbí ìwé ìtàn. Ìlà tó fà kò pọ̀. Mo ní àwọn tó fàlà yí yẹn jẹ́ tirẹ̀, kó máa lò wọ́n bó ṣe rí i tí wọ́n lò wọ́n, kí ìyókù sì dúró di ọjọ́ tó bá pàdé wọn. Ó gba èyí ju bí ì bá ṣe gbà bí mo bá ní kó da ìwé náà nù, olùkọ́ lẹ́sìn tó tà á fún un kò sì di ẹni ẹ̀gàn lójú rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ ṣe ọmọ lóore ni ọkùnrin náà, ohun tí wọ́n fi kọ́ òun náà ló ń fi kọ́ni.

Ní sáà kẹta, a tún ṣe ìdánwò. Nínú 20 tí à ń fún ìlò èdè, 6 ló gbà ní sáà kejì. 11 ló gbà lọ́tẹ̀ yìí. Àròkọ náà kò ní ju ọ̀rọ̀ gíga mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ, kò sì sí èyí tó ṣi ipò rẹ̀. Nínú ìbéèrè ọ̀rọ̀ tí à ń fi rọ́pò ọ̀rọ̀, ó gba 5 nínú 6, tó sì jẹ́ pé àwọn àṣìṣe rẹ̀ àtijọ́ ló máa ń kún ibẹ̀. Ìyá rẹ̀ kò bi mí léèrè nípa 11 yẹn. Ohun tó sọ ni pé ọmọ náà ti ń sùn lóru báyìí, ó sì ń túmọ̀ ohun tó bá kà fún àbúrò rẹ̀ ní Yorùbá.

Ìyẹn kò túmọ̀ sí pé gbogbo rẹ̀ ti yanjú. Ojú ló fi kọ́ ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀, etí rẹ̀ kò gbọ́ wọn, WAEC sì ń dán ọmọ wò nínú bí a ṣe ń pe ọ̀rọ̀. Ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ ni Yorùbá ń lò. Gẹ̀ẹ́sì ní tirẹ̀ a máa fi agbára sí ibì kan nínú ọ̀rọ̀, ibẹ̀ a sì máa ṣí kiri nínú ìdílé kan náà. Nínú “photograph”, ìbẹ̀rẹ̀ ni agbára wà. Nínú “photographer”, ó ti bọ́ sí ìró kejì. Nínú “photographic”, ó ti dé ẹ̀kẹta. Bákan náà ni ọmọ yìí ń pe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. A ti bẹ̀rẹ̀ sí í sàmì sí ibi agbára náà lórí páálí kọ̀ọ̀kan, ó sì ń pè é sókè kó tó dá a padà sínú àpótí.

Ìṣòro kejì jẹ́ tèmi ju tirẹ̀ lọ. Ohun tí mo ṣe fún ọmọ kan nínú lábù lẹ́yìn iṣẹ́, mi ò lè ṣe é báyẹn fún kíláàsì tó kún bí ọjà. Ohun tí mo ń dán wò ní sáà yìí ni pé kí ọmọ mẹ́rin-mẹ́rin ní àpótí kan, kí wọ́n máa bi ara wọn ní gbólóhùn, kí èmi sì máa yẹ ọ̀rọ̀ díẹ̀ wò lọ́wọ́ àwùjọ kọ̀ọ̀kan. Mo ti bá olùkọ́ bayọ́lọ́jì sọ̀rọ̀, ó sì ti gbà láti máa fún mi ní àkòrí tó fẹ́ kọ́ wọn kí ọ̀sẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀, kí ọ̀rọ̀ tí a máa fi sínú àpótí lè jẹ́ èyí tí wọn yóò bá pàdé lọ́wọ́ rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan náà. Ọmọbìnrin náà ló ń ṣe olórí ọ̀kan nínú àwọn àwùjọ wọ̀nyí.